Ọkọ̀ Afẹ́ Lójú Òkun: Àárọ̀ Ni Ká Ná An Ni, Àbí Ìrọ̀lẹ́?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́! Aáwọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé kan n'Íbàdàn lóṣù kìíní. Kì í ṣe aáwọ̀ ogún, kì í ṣe ti orogún. Ọkọ̀ ojú omi ló fà á.

Ìyá kan tó ń ta aǹkárá ní Gbági ló kù díẹ̀ kó pé ẹni 60 ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè é, ló pè sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní, "Màámi, ẹ má pa màlúù o. Ẹ má kó owó fún olórin kankan. Ọkọ̀ afẹ́ ni èmi pẹ̀lú yín jọ máa wọ̀, ọjọ́ 7 gbáko lórí òkun. Àmọ́ oṣù tá a wà nínú ẹ̀ yìí ló yẹ ká ti sanwó."

Ìyá ní, "Ìgbà wo lọkọ̀ ọ̀hún máa gbéra?"

"Oṣù kẹjọ ni, Màámi, táwọn ìbejì bá gba ìsinmi."

"Oṣù kẹjọ! O fẹ́ ká ti oṣù kìíní sanwó ọjà tí wọn ò tíì kó jáde? Ta ló ń ra tòmátì láàárọ̀ kùtù? Dúró dìrọ̀lẹ́, jàre. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bẹ oníbàárà."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì lọ́kùnrin, rẹ́wáyà kan báyìí ní Mọ́kọ́lá, wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kíá ló gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Manchester ra tirẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì owó ló sì san. "Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ o, àbúrò mi."

Bí wọ́n ṣe fi fóònù sílẹ̀ nìyẹn, tí inú kálukú ò dùn.

Kẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó láyé àtijọ́, ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ láti Àpápá. Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó lọ́dún 1951, ó sì ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú omi. Lọ́dún 1972 wọ́n gbé ibùdókọ̀ rẹ̀ kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, nígbà tó di 1974 ó ṣíwọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi téèyàn ń lọ ni Aureol ń gbé e lọ. Ọkọ̀ afẹ́ òde òní, ó lè kó èèyàn kúrò ní Southampton, kó fi odindi ọ̀sẹ̀ yí ká, kó tún dá a padà sí Southampton kan náà. Jíjẹ, mímu, sísùn àti wíwo ìlú tó wà láàárín ni wọ́n ń tà. Àwọn kan sì tóbi ju ọjà lọ: Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun láti Miami lọ́dún 2024, àjà 20 ló ní, ó sì lè gba èrò tó tó 7,600, láìka àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn.

Ó dáa. Nínú ìyá àtọmọ, ta ló jàre?

Ìyá ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Yàrá inú ọkọ̀ àti tòmátì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tòmátì tí kò bá tà lónìí, àkìtàn ló ń lọ lọ́la. Yàrá tẹ́nì kankan ò sùn sí nígbà tọ́kọ̀ fi gbéra, owó rẹ̀ ti bómi lọ nìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un tà. Bẹ́ẹ̀, epo tọ́kọ̀ máa jó ò dín, owó oṣù agbọ́únjẹ ò dín. Ìdí nìyẹn tí oníkọ̀ fi máa ń ta gbàǹjo nígbà mìíràn tó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó táṣẹ́rẹ́ sàn ju yàrá òfìfo lọ, pàápàá nígbà tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ṣì máa ra ọtí, á ra àwòrán, á ta káàdì nínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ ni ìyá yìí ń tà, kì í ṣe tòmátì. Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó dé ìdí gbàǹjo kì í yan àwọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, oríṣi yàrá méjì ló máa ń tètè tán: èyí tó pọ́ọ́kú jù, ìyẹn yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé, àti èyí tó gbówó lórí jù, tàwọn olówó. Ohun tó ń kù dìrọ̀lẹ́ ni tàárín. Ó sì lè jẹ́ èyí tó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó, tí ìlù á máa dún lórí èèyàn títí di òru, tàbí èyí tó wà nítòsí ẹ́ńjìnì.

Èyí tó tún burú jù ni pé gbàǹjo ojú òkun ò wà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó wà nítòsí èbúté ló wà fún. Ará Florida tó lè wa mọ́tò rẹ̀ dé Miami láàárín wákàtí mélòó kan, tí kò nílò físà, tí kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó lè gbọ́ lónìí kó di ẹrù lọ́la. Ọ̀rẹ́ rẹ́wáyà tó wà ní Manchester, ọmọ onílùú ni. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ dé Southampton. Ẹni tó ń bọ̀ láti Gbági ńkọ́? Tó bá fi máa gbọ́ pé gbàǹjo ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ti gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n bá sì sáré rà á lọ́sẹ̀ tó kángun sí ìrìn àjò lè gbé gbogbo ẹ̀dínwó ọ̀hún mì.

Ìyá Ìbejì náà ní tirẹ̀. Àwọn oníkọ̀ ní àsìkò kan tí wọ́n ń pè ní àsìkò ìgbì, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta. Òtútù ti mú Òyìnbó, ó ń ronú oòrùn, ìgbà yẹn ni gbogbo ilé-iṣẹ́ máa ń pariwo ẹ̀dínwó. Nígbà mìíràn iye yàrá ò dín kọ́bọ̀, èènì ni wọ́n ń fi sí i: wọn á ní kéèyàn san ìdá díẹ̀ àsansílẹ̀ náà, tàbí wọn á fún un lówó tó máa ná nínú ọkọ̀, tàbí wọn á gbé e kúrò ní yàrá tí kò ní fèrèsé bọ́ sí èyí tó rí ìta. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá kan pàtó, tàbí tó fẹ́ rìn ní àsìkò ìsinmi àwọn ọmọléèwé, àárọ̀ ni kó ti lọ, nítorí oṣù kẹjọ ò mọ gbàǹjo. Òbí gbogbo ló ń wá yàrá nígbà yẹn.

Oṣù kẹjọ yìí gan-an ni ìyá kọ́kọ́ gbá mú lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn ìbejì ń bá wa lọ ni?"

"Rárá o, Màámi. Bàbá wọn ló máa dúró tì wọ́n."

"Kí wá ló kàn wá pẹ̀lú ìsinmi wọn? Bí wọ́n bá ti wọlé padà sí sùkúù ńkọ́?"

Ìyá Ìbejì wò ó wò ó. Ọkọ̀ kan náà, yàrá kan náà, ìlú Norway kan náà tí wọ́n ń lọ wò, láti oṣù kẹjọ bọ́ sí àárín oṣù kẹsàn-án, owó ti já wálẹ̀ gan-an. Kò sí ẹ̀dínwó àsìkò ìgbì kankan tó tó ìyẹn. Ẹni tó bá lè yí ọjọ́ ló ń rí owó pọ́ọ́kú. Lágbègbè Caribbean náà bẹ́ẹ̀ ni: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni wọ́n ka àsìkò ìjì líle sí, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni owó sì máa ń rọ̀ jù nítorí ẹ̀rù ìjì. Ọkọ̀ kì í sábà rì nítorí rẹ̀ o, yíyà ni wọ́n ń yà fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó láti wo erékùṣù kan lè bá ara rẹ̀ ní òmíràn. Lẹ́yìn ọdún tuntun, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá kí Kérésì tó dé, owó tún máa ń rọ̀.

Òmíràn wà tó rọjú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nígbà ìrúwé, bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Caribbean máa ń ṣí lọ sí Yúróòpù. Bó bá di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, wọn á tún ṣí padà. Oníkọ̀ ò fẹ́ kó ṣófo sọdá òkun, ló bá ń ta yàrá lówó pọ́ọ́kú. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá téèyàn ò ní rí nǹkan kan ju omi lọ, ó sì tún máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé e wálé láti òdìkejì. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba ìgbì, kó má dán an wò.

Ìyá ti ń rọ̀ báyìí. Àmọ́ ọmọ ọjà ni, ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ yìí ló sì mú Ìyá Ìbejì dákẹ́.

"Bí wọn ò bá fún mi ní físà ńkọ́? Èló ló máa wọgbó?"

Ẹ wo ìbéèrè àgbà! Ìyá Ìbejì ti wo iye owó, ó ti wo yàrá, ó ti wo àwòrán òkè Norway lórí fóònù. Kò wo èyí. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ afẹ́ ṣe rí ni pé àsansílẹ̀ lèèyàn máa ń kọ́kọ́ san, ìyókù á wá pé nígbà tó bá ku nǹkan bí 90 ọjọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn kan ń béèrè rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ẹni tó bá yọwọ́ kí ọjọ́ ìyókù tó pé, àsansílẹ̀ nìkan ló máa ń sọnù, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń dá a padà. Ẹni tó bá yọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́ ni wọ́n ń gé owó lọ, títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ohun tí oníkọ̀ á sọ ni pé físà kì í ṣe tòun. Bó bá rí ẹni tí kò ní i lẹ́nu ọ̀nà, á ní kó padà sílé.

Físà ti ìyá yìí sì jẹ́ méjì. Ọkọ̀ ń gbéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó nílò ti Gẹ̀ẹ́sì. Norway wà lára àwọn ilẹ̀ Schengen, ó nílò ìyẹn náà. Ìwé kan ò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Físà àbẹ̀wò ti Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 3 kéèyàn tó rìnrìn àjò ni wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé rẹ̀, èsì sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3. Ti Schengen, oṣù 6 ṣáájú ni wọ́n ti lè gbà á, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15. Èsì máa ń gba ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé 45.

Ìyá gbé ìwé àjọ rẹ̀ jáde, ó mú báírò. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ọkọ̀ gan-an ló máa wọ ìlú Òyìnbó, oṣù 3 ṣáájú ló tó lè béèrè físà. Oṣù 3 ṣáájú sì nìgbà tí ìyókù owó pé! Á jẹ́ pé wọ́n á ti kó gbogbo owó fún oníkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá Òyìnbó gbà tàbí kò gbà. Ìyá ní, "Tẹ́tẹ́ lèyí, kì í ṣe ọjà."

Ibi tí ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́ nìyí. Físà àbẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 6 ló sábà máa ń jẹ́, èèyàn sì lè jáde kó tún wọlé láàárín rẹ̀. Bó bá lọ ní oṣù kẹfà lẹ́yìn Iléyá, tó lọ ṣe ìyá àgbà fún àwọn ìbejì, á ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni yóò béèrè ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìyẹn bá bọ́ sí i, oṣù kẹrin ni yóò béèrè ti Schengen níbí, nítorí ẹni tó lọ ṣe àbẹ̀wò ṣòro fún láti rí i gbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ká tiẹ̀ ní ó fà dé ọjọ́ 45, èsì á ti dé kí oṣù karùn-ún tó parí. Ọkọ̀ ń gbéra láàárín oṣù kẹsàn-án. Ìyókù owó pé láàárín oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, àsansílẹ̀ nìkan ló lọ.

Ọjà ńkọ́? Láti lẹ́yìn Iléyá dé oṣù kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, ọjà aṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yá. Ìyàwó rẹ́wáyà lè jókòó ti ìsọ̀. Oṣù kẹwàá, ìyá ti padà dé kí ọjà Kérésì tó gbóná.

Ló bá ku owó náà fúnra rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìpolówó, ti ẹnì kan ni, bí ẹni méjì bá sùn nínú yàrá kan. Ẹni tó bá fẹ́ dá sùn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ san ti ẹni méjì. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ibùsùn wà, eré wà. Ọtí àti mínírà kò sí nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, mọ́tò tó máa gbé wọn wo ìlú ò sí. Owó ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tún wà: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, nǹkan bí dọ́là 16 sí 20 lójúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 7, ẹni méjì, ẹ ṣírò rẹ̀! P&O Cruises ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò láti 2019. Nítorí náà ọkọ̀ méjì tí iye wọn jọra nínú ìpolówó lè má jọra rárá níkẹyìn. Owó orí àti owó èbúté náà, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́lẹ̀, títí òfin ìpínlẹ̀ California fi dé ní oṣù keje 2024 pé iye tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi.

Ìyá ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ dá san án, òun máa fi àjọ òun san apá tòun. Ó dára, àmọ́ póńdì ni gbèsè, náírà ni àjọ. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là ò tó 500 náírà ní iye ti ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó san àsansílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yí, tó ní òun á ṣẹ́ ìyókù tó bá yá, ojú rẹ̀ rí màbo, bẹ́ẹ̀ oníkọ̀ ò fi kọ́bọ̀ kan lé iye tirẹ̀. Wọ́n bá fẹnu kò pé bí ìyá bá ti ń kó àjọ lóṣooṣù, kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ sí póńdì díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má dúró dé oṣù kẹfà.

Rẹ́wáyà náà mú nǹkan wá. Ó ní oníbàárà òun kan mọ ẹnì kan n'Ílú Èkó tó ń ta yàrá ọkọ̀ ní ìdá mẹ́ta owó, kí wọ́n ṣáà fi owó sínú àkáǹtì rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn lè wò ó bóyá aṣojú náà wà nínú ẹgbẹ́ ABTA lóòótọ́. Bó bá sì fi káàdì àwìn sanwó ọjà tó ju póńdì 100 lọ, tí kò kọjá 30,000, òfin ọdún 1974 wà tó jẹ́ kó lè gba owó lọ́wọ́ báńkì bí olùtajà bá sá lọ tàbí tó wọko gbèsè. Àkáǹtì ẹni tẹ́nì kan mọ̀, òfin wo ló wà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì pe aṣojú náà níṣojú ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù kejì sí i létí. Ó yan yàrá tí kò ní fèrèsé, nítorí ìyá ní ta ló ń sanwó fèrèsé nígbà tó jẹ́ pé òkè ọkọ̀ lòun máa wà látàárọ̀. Ó béèrè bí iye bá já wálẹ̀ kí oṣù kẹfà tó dé ńkọ́. Aṣojú ní oníkọ̀ yìí kì í dá owó padà, ṣùgbọ́n kó pe òun, àwọn lè gbé wọn sí yàrá tó dáa jù. Ìyá Ìbejì ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kọ ọ́. Ó fẹ́ sanwó.

"Dúró!" Ìyá ló pariwo láti Ìbàdàn. "Èènì ńkọ́?"

"Màámi, wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀ níbí."

"Béèrè."

Ìyá Ìbejì béèrè tìtìjú-tìtìjú. Òyìnbó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó padà dé, ó ní àwọn á fi póńdì 50 sí i fún wọn láti ná nínú ọkọ̀.

Àsansílẹ̀ lọ. Ìyá ṣí ìwé àjọ rẹ̀, ó kọ àárín oṣù kẹfà síbẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó wá ránṣẹ́ pe alájọ.